Bíà dúdú eléròjà ti àsìkò Kérésì: mo ti ṣí ìgò Anchor 2022 mi, ẹ wá bá mi dá sí i

Ọmọ_Ìkìrun, Oakland

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ kú òtútù. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ kú ọyẹ́.

Alẹ́ àná ni mo ṣí ìgò Anchor Christmas Ale ti 2022 tí mo ti ń tọ́jú bọ̀ látọjọ́ yìí. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí lẹ́nu mi, kí n sì bi yín ní ìbéèrè kan tó ń jẹ mí lọ́kàn.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: San Francisco ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọn Anchor ní 1896. Ní 1965, ó kù díẹ̀ kí ilé ìpọntí náà kógbá wọlé, ni Fritz Maytag bá rà á, ó sì gbé e dìde. Ní 1975 ni wọ́n pọn bíà Kérésì wọn àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni wọ́n ń pa ọwọ́ dà nínú bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ya igi mìíràn sára ìgò. Jim Stitt ló fọwọ́ ara rẹ̀ ya èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn igi náà. Láti 1987 ni wọ́n ti ń fi èròjà sí i, àmọ́ wọn kì í sọ irú èyí tí wọ́n lò fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù keje 2023, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Hamdi Ulukaya, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ yọ́gọ́ọ̀tì Chobani sílẹ̀, ló ra ibẹ̀ ní 2024. Nítorí náà, ti 2022 yìí ló jáde kẹ́yìn kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn pa. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kánjú mu ún.

Ó dúdú dáadáa. Nígbà tí mo gbé gíláàsì sókè síbi iná, etí rẹ̀ ń pọ́n rúsúrúsú. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde, òórùn ṣúgà tó jóná díẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Mo bá fi ọwọ́ méjèèjì di gíláàsì náà mú títí tí òtútù ara rẹ̀ fi ń lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ti igi páìnì ló kọ́kọ́ jáde, èèpo ọsàn tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni nǹkan kan tó sún mọ́ sínámọ́nì. Lẹ́nu, ọkà yíyan ló ṣáájú. Ó dùn, kò dùn jù. Ó korò díẹ̀ níparí. Nígbà tí mo gbé e mì tán ni ohun kan wá ta mí lọ́nà ọ̀fun. Kò ta púpọ̀, ó kàn móoru, ó sì dúró síbẹ̀ kó tó lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ataare ló wá sí mi lọ́kàn. Ataare tí a ń fún ọmọ tuntun tọ́ wò níbi ìsọmọlórúkọ! Ṣé wọ́n ń fi ataare sí bíà ni, àbí ọ̀fun mi ló ń sọ ohun tó mọ̀?

Ohun kan dá mi lójú ṣá: nínú irú bíà yìí, ọkà ló yẹ kó máa ṣíwájú, kí èròjà máa bọ̀ lẹ́yìn. Tí èròjà bá ti kọ́kọ́ dé, wọ́n ti bà á jẹ́.

Apọntí_Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ìgò. Àwọn tó ní ti 2022 lọ́wọ́ kò pọ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń fi ataare sí bíà, ó sì ti pẹ́. Èmi náà ń pọn bíà nínú gáréèjì mi níbí (òfin tí Ààrẹ Carter fọwọ́ sí ní 1978 ló fàyè gbà wá láti pọn tiwa nílé lórílẹ̀-èdè yìí láìsan owó orí), kò sì sí ìtàn kan tó dùn mọ́ mi tó ti ataare. Etíkun tiwa nílé, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni àwọn ará Yúróòpù ti ń rà á kó lọ sọ́dọ̀ wọn láyé àtijọ́. Àwọn apọntí Gẹ̀ẹ́sì wá rí i pé ooru rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun jọ ooru ọtí tó lágbára. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà tó ṣàn, wọ́n á fi ataare sí i, ẹni tó ń mu ún á rò pé òun ń mu ojúlówó. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 1816, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣòfin pé apọntí kankan kò gbọdọ̀ ní ataare lọ́wọ́. £200 ni owó ìtanràn. Apoògùn tó bá tà á fún apọntí, £500 ni tirẹ̀. Ẹ ro ohun tí £500 lè ṣe láyé ìgbà yẹn.

Lónìí, kò sí ẹni tó ń fi pamọ́ mọ́. Samuel Adams ti Boston ń fi ataare àti èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sí bíà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wọ́n sì ń kọ ọ́ síta. Àwọn apọntí Bẹ́ljíọ̀mù náà ń lò ó.

Bóyá ó wà nínú Anchor ti 2022, àwọn tó pọn ọ́n nìkan ló lè sọ. Àmọ́ ohun tí ẹ ṣàlàyé yẹn, ooru tó dé lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e mì, tó wà lọ́nà ọ̀fun tí kò sí ní orí ahọ́n, bí ataare ṣe ń ṣe nínú bíà nìyẹn. Atalẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ahọ́n ni atalẹ̀ ti ń ta, kíá ló sì ń dé.

Àlàájà_Eléròjà, Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í mu ọtí, ẹ̀sìn mi kò gbà á. Ṣùgbọ́n èròjà ni mo ń tà ní Rye Lane, ọ̀rọ̀ yín sì kàn mí.

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, àwọn òyìnbó á bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Igi sínámọ́nì, kànáfùrù àti nutmeg ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n fẹ́ fi se wáìnì gbígbóná. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí ataare ni tiwọn, bíà ni wọ́n ń pọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ra odindi, kí wọ́n má ra lílọ̀. Ataare tó wà nínú èèpo rẹ̀ kò ní tètè bà jẹ́. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ tán, òórùn rẹ̀ á máa fò lọ. Títa ló máa ṣẹ́ kù. Títa yẹn nìkan kọ́ ni iyì rẹ̀. Òórùn òdòdó kan wà nínú ataare tuntun, tó fẹ́ẹ́ jọ ti ọsàn, àwọn tó mọ̀ ọ́n sí ohun àdúrà nìkan kì í fiyè sí i.

Nítorí náà, ìbéèrè mi fún ọ̀gá Houston: ìgbà wo lẹ máa ń fi sí i? Tí ẹ bá ń sè é látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ń fi owó ṣòfò ni.

Apọntí_Houston

Ẹ ṣé, Àlàájà, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Tí omi ọkà bá ti hó fún bíi wákàtí kan, ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn ni mo máa ń ju èròjà sí i. Mo kì í lọ̀ ọ́ kúnná, mo kàn máa ń fi ọmọ odó fọ́ ọ lójú. Fún lítà 20, ataare síbí ìmutíì kan, igi sínámọ́nì kan, kànáfùrù mẹ́ta. Ẹ má fi kànáfùrù ṣeré rárá. Tó bá lé díẹ̀, bíà yín á máa rùn bí ọ̀dọ̀ dókítà eyín.

Akẹ́kọ̀ọ́_Leuven

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu tèmi sí i láti Bẹ́ljíọ̀mù níbí, nítorí nǹkan kan wà tí kò tíì jáde nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ bíà dúdú tí èèyàn ń mu lásìkò Kérésì tó ń gbọ́ kànáfùrù nínú rẹ̀, kò sí kànáfùrù kankan níbẹ̀. Ìwúkàrà ló ń ṣe é. Àwọn ìwúkàrà kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń jẹ ṣúgà inú ọkà, wọ́n ń yí nǹkan kan nínú èèpo ọkà padà di ohun tó ń rùn bíi kànáfùrù. Ìwúkàrà ilẹ̀ yìí pọ̀ nínú irú wọn. Ẹ wo St. Bernardus Christmas Ale, tí wọ́n ń pọn ní Watou, nítòsí ààlà ilẹ̀ Faransé. Agbára ọtí rẹ̀ jẹ́ 10%. Ẹni tó bá mu ún á gbọ́ èso gbígbẹ, á gbọ́ ṣúgà dúdú, á gbọ́ èròjà. Iṣẹ́ ìwúkàrà ló pọ̀ jù nínú èròjà tó ń gbọ́ yẹn.

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Mo ti ń fiyè sí i. Tó bá jẹ́ ìwúkàrà, òórùn náà àti ti èso ló jọ máa ń dìde pọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí èso àjàrà gbígbẹ, imú ló sì ń mọ̀ ọ́n jù. Tó bá jẹ́ ojúlówó èròjà, ẹnu àti ọ̀fun á mọ̀ ọ́n, ó sì máa ń dá dúró, kò ní í pa pọ̀ mọ́ èso.

Ọmọ_Ìkìrun, Oakland

Àbúrò, ẹ̀kọ́ gidi lo kọ́ wa yìí. Mo ti padà lọ sídìí ìyókù inú ìgò (mo dé e pa, mo sì gbé e padà sínú fíríìjì) láti wò ó bí o ṣe sọ. Kò sí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan níbẹ̀. Ti páìnì àti ti ọsàn dá dúró gedegbe. Ooru ọ̀fun náà wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Apọntí_Houston

Ìwúkàrà tí Anchor lò kì í pariwo, ẹ̀gbọ́n. Ó máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ọkà. Ohun tí ẹ gbọ́ yẹn, èròjà ni.

Adùkẹ́_Cleveland

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, mo sì gbádùn rẹ̀, àmọ́ mi ò fara mọ́ ohun tí bọ̀dá Oakland sọ pé èròjà gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn.

Ní ìlú wa níbí, Great Lakes ń pọn Christmas Ale láti 1992. Oyin, atalẹ̀ àti sínámọ́nì ló wà nínú rẹ̀, 7.5% ni agbára rẹ̀. Kò dúdú tó ti Oakland, ó pọ́n ni. Àwọn ilé ọtí kan máa ń fi sínámọ́nì àti ṣúgà pa ẹnu gíláàsì yíká kí wọ́n tó bu bíà náà sí i. Atalẹ̀ àti sínámọ́nì lo máa kọ́kọ́ gbọ́, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí i. Àwọn èèyàn ń retí rẹ̀ láti oṣù kẹwàá. Èmi gan-an, tí yìnyín bá ti kún ojú ọ̀nà, mi ò fẹ́ ohun tí mo máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá kiri nínú gíláàsì. Mo fẹ́ kó sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé ọdún ti dé.

Ọmọ_Ìkìrun, Oakland

Àǹtí Adùkẹ́, mo gbọ́ yín, ẹ kò sì jẹ̀bi. Bíà pupa tó ní oyin nínú lè ru atalẹ̀ síwájú, nítorí pé oyin àti atalẹ̀ ti mọ ara wọn tipẹ́. Bíà dúdú ni mo ń sọ ní tèmi. Ọkà tí wọ́n ti yan títí ló mú un dúdú, ohun púpọ̀ ló sì wà nínú ọkà yẹn: ìkorò, èéfín díẹ̀, adùn ṣúgà jíjó. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá ni. Tí wọ́n bá wá da sínámọ́nì lé e lórí, kí ni wọ́n fi pẹ́ nídìí yíyan ọkà? Bíi gbẹ̀gìrì ni, ẹ̀wà la fẹ́ gbọ́ níbẹ̀. Iyọ̀ àti ata á wà ṣá, àmọ́ wọn kò gbọdọ̀ gba ipò ẹ̀wà.

Ohun kejì ni òtútù. Ilé ọtí máa ń gbé bíà eléròjà wá ní dídì pa. Òtútù ń pa òórùn. Tí òórùn bá ti kú, apọntí á rò pé èròjà òun kò tó, lọ́dún tó ń bọ̀ á tún fi kún un. Mo gbà pé bí ọ̀pọ̀ irú bíà yìí ṣe di aláriwo nìyẹn. Ẹ gbé e kúrò nínú fíríìjì fún bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó mu ún. 10 sí 13°C ni mo fẹ́ kó wà. Ẹ mu ún bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ẹ wá sọ fún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́_Leuven

Mo ti bọ̀dá lẹ́yìn lórí òtútù. Níbí, tí ẹni tó ń ta ọtí bá gbé irú bíà yìí fún ọ ní dídì, àwọn àgbà á bá a wí.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tó bá fẹ́ máa rà á: kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù ló ń fi èròjà sí bíà ọdún. Láti 1516 ni àṣẹ ti jáde ní Bavaria, ní Jámánì, pé omi, ọkà bálì àti họ́ọ̀pù (òdòdó tó ń mú bíà korò) nìkan ni kí wọ́n fi pọntí. Bíà ọdún ti Jámánì lè dúdú, ó lè lágbára, èròjà kì í sí níbẹ̀. Ní Dẹ́ńmáàkì, bíà Kérésì Tuborg máa ń jáde lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ku ìṣẹ́jú kan, gbogbo ìlú á sì jáde. Ìgbádùn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí à ń sọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ti ń se bíà gbígbóná pẹ̀lú nutmeg, atalẹ̀, ṣúgà àti èso ápù tí wọ́n yan fún àsìkò Kérésì láti ayé àtijọ́. Bíà eléròjà òde òní, inú àṣà yẹn ló ti ṣẹ̀ wá.

Ọmọ_Mókọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Mo ti ń kà yín láti àárọ̀, omi ti kún ẹnu mi. Anchor kò sí níbí, St. Bernardus kò sí. Ọyẹ́ nìkan ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Àmọ́ bíà dúdú kì í ṣe àjèjì sí wa o. Láti 1962 ni Guinness ti ń pọn tiwọn ní Ìkẹjà. 7.5% ni. Nígbà tí ìjọba sì fòfin de kíkó ọkà bálì wọlé ní 1988, ọkà bàbà tiwa ni àwọn ilé ìpọntí yíjú sí. Tó bá wá jẹ́ ti èròjà nínú ọtí, ta ló máa kọ́ wa? Kí ni páràgà? Ataare wà níbẹ̀, atalẹ̀ wà níbẹ̀, egbò igi wà níbẹ̀.

Ìbéèrè mi: ṣé mo lè fi èròjà sí sítáòtù tí mo bá rà ní ìgò, kó sún mọ́ ohun tí ẹ̀ ń mu yẹn? Èmi kò ní ohun èlò ìpọntí.

Apọntí_Houston

O lè ṣe é dáadáa, bí àwa gan-an ṣe ń dán èròjà wò nìyẹn ká tó fi sí odindi garawa. Má ju èròjà sínú ìgò o. Á hó jáde, á sì da gbogbo tábìlì rú.

Wá jíìnì tàbí ògógóró tó mọ́, bí ìdajì ife kékeré. Fọ́ ataare bíi hóró ogún lójú, fi kànáfùrù kan ṣoṣo sí i, fi èèpo ọsàn tó o bẹ́ wẹ́wẹ́ sí i (bẹ́ ibi aláwọ̀ nìkan, funfun abẹ́ rẹ̀ máa ń korò). Tí sínámọ́nì bá wà, já èyí tó tó èékánná. Dé e fún ọjọ́ mẹ́ta, kó o sẹ́ ẹ. Bu sítáòtù sínú gíláàsì, fi síbí kékeré kán an sí i ní ẹ̀kán mẹ́rin péré. Rò ó díẹ̀, tọ́ ọ wò. Tí kò bá tó, fi ẹ̀kán méjì kún un. Ibi tó o bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fura sí èròjà náà ni kó o ti dúró.

Àlàájà_Eléròjà, Peckham

Ọmọ Mókọ́lá, ọjà Òjé lẹ ti máa rí ataare tó dára. Ẹ yan èyí tí èèpo rẹ̀ ṣì pọ́n, tí hóró inú rẹ̀ kò tíì máa dún nígbà tí ẹ bá mì ín.

Fún àwa tí a kì í mu ọtí, mo máa ń gbé mọ́ọ̀tì lé iná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, màá fi atalẹ̀ tí mo gún, kànáfùrù méjì àti èèpo ọsàn sí i. Mi ò ní jẹ́ kó hó. Ọkà yíyan tí ẹ̀ ń sọ yẹn wà nínú mọ́ọ̀tì náà, ṣé ẹ rí i? Àwọn ọmọ mi kì í jẹ́ kó kù.

Adùkẹ́_Cleveland

Àlàájà, màá se ti mọ́ọ̀tì yìí fún màmá mi. Bọ̀dá Oakland, mo gbé bíà mi kúrò nínú fíríìjì bí ẹ ṣe wí. Oyin rẹ̀ jáde gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn dùn mọ́ mi. Sínámọ́nì ẹnu gíláàsì mi ṣá, mi ò ní í fi sílẹ̀.

Ọmọ_Mókọ́lá, Ìbàdàn

Mo ti ṣe é bí ẹ̀gbọ́n Houston ṣe là á sílẹ̀. Sínámọ́nì kò sí, ataare, kànáfùrù àti ọsàn nìkan ni mo lò. Àwa àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Dugbe la jọ tọ́ ọ wò.

Ní ẹ̀kán mẹ́rin, òórùn ọsàn ló jáde, kò sí ooru. Ní mẹ́fà, ooru náà dé, lọ́nà ọ̀fun gan-an bí ẹ ṣe sọ, ìkorò sítáòtù náà kò sì sá fún un. Ọ̀rẹ́ mi ní ká fi kún un. Ní mẹ́wàá, ataare nìkan la ń gbọ́ mọ́, sítáòtù ti sọnù. A padà sí mẹ́fà. Yàrá ni sítáòtù náà wà, kò wọ fíríìjì rárá, àmọ́ ọyẹ́ òwúrọ̀ ti jẹ́ kó tutù níwọ̀nba.

Ìbéèrè kan ló kù: èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìgò kékeré yìí, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?

Apọntí_Houston

Ọtí líle ló wà nínú rẹ̀, kò ní í bà jẹ́. Òórùn ọsàn ló máa kọ́kọ́ rẹ̀, láàárín oṣù díẹ̀. Ataare á pẹ́ jù ú lọ. Dé e pa, gbé e síbi tí oòrùn kò ti lè tàn sí i, kó o sì tún èèpo ọsàn tuntun bẹ́ sí i tí ọdún Àjíǹde bá ń bọ̀.